Nígbà tí Apá bá Já Ọkọ̀ Kulẹ̀: Ẹ̀kọ́ lórí Ìkìlọ̀ àti Ìgbọràn

 

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá fún yín nínú ìwé àjọ̀dún yìí dá lórí ọkọ̀ òfurufú. Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ni ó kan ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà ní Ọ̀wọ̀ nínú ọ̀rọ̀ òfurufú. Ó kàn wá gidigidi. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ni ẹ ń wọ bàálù láti Èkó tàbí Àbújá wá sí Àkúrẹ́, kí ẹ tó wọ mọ́tò gba Ògbèsè wá sílé. Àwọn mìíràn ń ti Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà bọ̀. Àwọn ọmọ sì wà tí wọ́n ń wí pé awakọ̀ òfurufú ni àwọn yóò dà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ọkọ̀ òfurufú kan gbéra ní Èkó ní ọdún 2013, Àkúrẹ́ ni ó ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò dé. Ọ̀fọ̀ náà kan gbogbo Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọdún ti gorí ọdún. Ó tó àkókò kí a wo ohun tí ó wà nídìí rẹ̀. A kò fẹ́ dá òkú lẹ́bi. Kí alààyè lè kọ́gbọ́n ni a ṣe ń sọ ọ́.

Kókó ẹ̀kọ́ wa kò ju èyí lọ: ìkìlọ̀ nìkan kì í gba ènìyàn là. Òye ìkìlọ̀, àti ìgbọràn tí a ti fi kọ́ra ṣáájú ọjọ́ ewu, ni ó ń gbani là.

1. OHUN TÍ Ó GBÉ ỌKỌ̀ DÚRÓ LÓJÚ ÒFURUFÚ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ́ńjìnnì ni ó gbé ọkọ̀ òfurufú dúró lókè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ni láti mú ọkọ̀ lọ síwájú. Apá ni ó ń gbé e. Bí ọkọ̀ ti ń sáré, afẹ́fẹ́ ń ṣàn kọjá lókè àti lábẹ́ apá rẹ̀. Nítorí bí wọ́n ti ṣe apá náà, àti nítorí pé iwájú rẹ̀ gbé sókè díẹ̀, ó ń darí afẹ́fẹ́ sí ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ náà sì ń ti apá sókè. Ẹ wo àṣá nígbà tí ó bá ń rà bàbà lójú ọ̀run: kò fi apá lu afẹ́fẹ́ rárá, síbẹ̀ kò já.

Olùkọ́ tàbí òbí lè fi èyí han ọmọ pẹ̀lú páálí pẹlẹbẹ kan àti fáànù orí tábìlì. Kí ọmọ di páálí náà mú gbọọrọ níwájú fáànù, kí ó sì gbé etí iwájú rẹ̀ sókè díẹ̀. Yóò rí i pé afẹ́fẹ́ fẹ́ gbé páálí náà sókè. Bí ó bá tún gbé etí rẹ̀ sókè sí i, agbára tí ń gbé e yóò pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé e títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán, ìgbésókè náà yóò parí. Afẹ́fẹ́ yóò kàn máa ti páálí sẹ́yìn ni.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni apá ọkọ̀ òfurufú rí. Bí imú ọkọ̀ bá gbé sókè jù, tí igun tí apá fi dojú kọ afẹ́fẹ́ sì kọjá ààlà rẹ̀, tí ó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí dìgírì 15, afẹ́fẹ́ tí ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn apá yóò ya kúrò lára rẹ̀, yóò sì dàrú. Nígbà náà ni apá kò ní lè gbé ọkọ̀ mọ́. Stall ni àwọn awakọ̀ òfurufú ń pè é. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, àwa yóò máa pè é ní ìjákulẹ̀ apá, nítorí pé apá tí ọkọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ni ó já a kulẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ẹ́ńjìnnì lè máa ṣiṣẹ́ dáadáa kí ìjákulẹ̀ apá tó dé.

Bí eré ọkọ̀ bá ti kéré tó ni ó ṣe gbọ́dọ̀ gbé imú sókè tó kí apá lè gbé e. Ìdí nìyí tí ewu yìí fi ń bá ọkọ̀ tí kò sáré tó. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń na àwọn awẹ́ irin kan jáde lẹ́yìn apá nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra tàbí tí ó bá fẹ́ balẹ̀. Flaps ni wọ́n ń pè wọ́n. Iṣẹ́ wọn ni láti jẹ́ kí apá lè gbé ọkọ̀ bí eré rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì pọ̀.

Kí ni oògùn ìjákulẹ̀ apá? Kí awakọ̀ tẹ imú ọkọ̀ sílẹ̀, kí igun náà lè dín kù, kí afẹ́fẹ́ lè tún lẹ̀ mọ́ apá. Ó rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti ṣe. Ọkọ̀ ń já lọ, ilẹ̀ ń bọ̀, gbogbo ara ènìyàn sì ń wí fún un pé, “Fà á sókè!” Bí ó bá fà á sókè, ọ̀ràn náà yóò burú sí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ gòkè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà láti sọ̀kalẹ̀. Gíga tí ọkọ̀ ní sì ni owó tí awakọ̀ fi ń ra ìgbàlà: bí ọkọ̀ bá ga, ó ní ohun tí ó lè ná; bí ó bá wà nítòsí ilẹ̀, àpò rẹ̀ ti gbẹ.

2. ỌKỌ̀ TÍ Ó Ń BỌ̀ NÍ ÀKÚRẸ́

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta oṣù Kẹwàá ọdún 2013, ọkọ̀ òfurufú kékeré kan, Embraer 120, ti ilé-iṣẹ́ Associated Aviation, ń múra àtigbéra ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà. Ẹ́ńjìnnì méjì ni ó ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ tirẹ̀. Òkú Dókítà Olúṣẹ́gun Àgágù, tí ó ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti ọdún 2003 títí di 2009, ni ó fẹ́ gbé wá sí Àkúrẹ́ fún ìsìnkú. Ènìyàn 20 ni ó wà nínú rẹ̀: ẹbí, aṣojú ìjọba ìpínlẹ̀, òṣìṣẹ́ ìsìnkú, àti àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀.

Àjọ tí ń ṣèwádìí jàmbá ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, tí à ń pè ní AIB nígbà náà, tí ó ti di NSIB báyìí, tẹ́tí sí ẹ̀rọ tí ó gba ohùn àwọn awakọ̀ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n gbọ́ nìyí. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 4 lẹ́yìn tí wọ́n fún ẹ́ńjìnnì ní agbára ìgbéra, ohùn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ pé awẹ́ irin ẹ̀yìn apá kò sí ní ipò tí ó yẹ fún ìgbéra. Ìkìlọ̀ náà ń dún bí ọkọ̀ ti ń sáré lọ lórí ilẹ̀. Kò jọ pé ó ya àwọn awakọ̀ lẹ́nu. Wọ́n ń bá eré lọ. Nígbà tí eré dé 80 nóòtì, èyí tí í ṣe nǹkan bí kìlómítà 148 ní wákàtí kan, igbákejì awakọ̀ pè é jáde gẹ́gẹ́ bí ìlànà. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 12 lẹ́yìn èyí, ó bi ọ̀gá rẹ̀ léèrè bóyá kí àwọn dá ìgbéra náà dúró. Ọ̀gá fi hàn pé kí àwọn máa lọ.

Wọ́n gbé imú ọkọ̀ sókè. Igbákejì ní kí wọ́n rọra. Ọ̀gá náà sọ pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí apá já ọkọ̀ kulẹ̀. Ẹ gbọ́ bí ó ti rí: àwọn méjèèjì mọ orúkọ ewu tí ó dojú kọ wọ́n. Kò tó ìṣẹ́jú-àáyá 10 lẹ́yìn náà tí ìkìlọ̀ ìjákulẹ̀ apá bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kò sì dákẹ́ mọ́ títí dé òpin. Ìṣẹ́jú-àáyá 31 lẹ́yìn tí ó bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ fì sí apá ọ̀tún, ó sì já lulẹ̀ nítòsí pápákọ̀ náà. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó kú.

Ìwádìí fi hàn pé ẹ̀rọ tí ń ṣàkóso abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì kan ní àléébù tí kò jẹ́ kí ọkọ̀ ní agbára tí ó yẹ, pé wọn kò to awẹ́ irin ẹ̀yìn apá bí ó ti yẹ, àti pé wọ́n tẹ̀ síwájú nígbà tí àmì ti hàn pé nǹkan kò lọ déédéé.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta ni ó dún lójú ọ̀nà náà. Ẹ̀rọ kìlọ̀ lórí ilẹ̀. Ènìyàn kìlọ̀ lórí ilẹ̀, ní ọ̀nà ìbéèrè. Ẹ̀rọ tún kìlọ̀ lójú òfurufú. Nígbà tí ìkìlọ̀ kẹta dé, kò sí gíga tí wọ́n lè ná mọ́. Orí ilẹ̀ ni oògùn ìjákulẹ̀ apá ọjọ́ náà wà: kí wọ́n dá ọkọ̀ dúró.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí ní Àbújá, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2006, nígbà tí ọkọ̀ ADC tí ó ń lọ sí Ṣókótó gbéra nínú ìjì. Ẹ̀fúùfù líle gba eré ọkọ̀ lọ, apá sì já a kulẹ̀ nítòsí ilẹ̀. Sultan Muhammadu Maccido wà lára àwọn tí ó kú.

3. ẸNI TÍ Ń BÁ Ẹ̀RỌ ṢIṢẸ́ GBỌ́DỌ̀ MỌ ÌWÀ RẸ̀

Ẹlòmíràn yóò wí pé, “Bí ènìyàn bá lè kọ etí dídi sí ìkìlọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀.” Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ dé ibi kan. Púpọ̀ nínú ìrìn-àjò ọkọ̀ ńlá lónìí ni ẹ̀rọ adáwakọ̀ ń ṣe. Nínú àwọn ọkọ̀ Airbus tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ná ojú ọ̀run láti ọdún 1988, kọ̀ǹpútà dúró láàárín ọwọ́ awakọ̀ àti apá ọkọ̀. Bí gbogbo nǹkan bá wà ní ipò, kì yóò gbà kí awakọ̀ gbé imú sókè kọjá ààlà. Èyí ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn méjì yóò jẹ́ kí a mọ ibi tí agbára ẹ̀rọ mọ.

Èkínní ni ti Air France, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2009. Airbus A330 kan ń lọ láti Rio de Janeiro sí Paris lóru. Yìnyín dí àwọn ọ̀pá kékeré tí ó ń wọn eré ọkọ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kò mọ eré tí ọkọ̀ ń sá mọ́, ó pa ẹ̀rọ adáwakọ̀, ó sì gbé ọkọ̀ lé ènìyàn lọ́wọ́. Ààbò tí kì í jẹ́ kí imú gbé sókè jù ti lọ pẹ̀lú. Awakọ̀ tí ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ fa imú sókè. Ìkìlọ̀ ìjákulẹ̀ apá dún fún ìṣẹ́jú-àáyá 54 láìdánudúró. Ó ń fà á síbẹ̀. Ohun tí ó tún mú ọ̀ràn náà díjú ni pé nígbà tí eré ọkọ̀ lọ sílẹ̀ jù, kọ̀ǹpútà kò gba òǹkà tí ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ gbọ́ mọ́, ìkìlọ̀ sì dákẹ́. Bí awakọ̀ bá tẹ imú sílẹ̀ díẹ̀, bí ó ti yẹ, ìkìlọ̀ yóò tún bẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé ohun rere tí ó ṣe ni ó burú. Láti nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 38,000, wọ́n já sínú òkun láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta ààbọ̀. Ènìyàn 228 ni ó kú.

Èkejì ni ti Boeing 737 MAX. Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà fi ètò kọ̀ǹpútà kan sí i, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ MCAS, kí ó lè máa tẹ imú ọkọ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bí igun apá bá ń pọ̀ jù. Ẹ̀rọ atọ́ka kan ṣoṣo ni ètò yìí ń gbọ́ tirẹ̀. Bí ẹ̀rọ atọ́ka yẹn bá purọ́, MCAS yóò gbà á gbọ́. Ó purọ́ ní Indonéṣíà ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2018, ènìyàn 189 sì kú. Títí di ọjọ́ náà, ìwé ìlò tí a fún àwọn awakọ̀ kò sọ fún wọn pé irú ètò bẹ́ẹ̀ wà. Ó tún purọ́ ní Ethiópíà ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹta ọdún 2019, ní kété tí ọkọ̀ gbéra ní Addis Ababa tí ó ń lọ sí Nairobi. Ènìyàn 157 ni ó kú, Ọ̀jọ̀gbọ́n Pius Adésanmí, ọmọ Ìsánlú ní ilẹ̀ Yàgbà, òǹkọ̀wé tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti ka iṣẹ́ rẹ̀, sì wà lára wọn.

Ẹ fi ọ̀ràn méjèèjì wé ara wọn. Nínú ti àkọ́kọ́, ìkìlọ̀ ẹ̀rọ jẹ́ òtítọ́, ènìyàn kò sì ṣe ohun tí ó sọ. Nínú ti èkejì, ẹ̀rọ ni ó ṣìnà, ènìyàn sì ń bá a jà láìmọ ìdí. Nítorí náà, kì í ṣe pé kí a máa tẹ̀lé ẹ̀rọ bí afọ́jú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé kí a máa ṣe àìkà á sí. Kí a mọ ohun tí ẹ̀rọ ń gbọ́, ohun tí kò lè rí, àti ohun tí yóò ṣe bí ó bá ṣìnà: èyí ni òye tí a ní kí ó máa bá ìgbọràn rìn.

4. BÍ WỌ́N TI Ń KỌ́ AWAKỌ̀ LÓNÌÍ

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí wọ́n ń kọ́ awakọ̀ ni pé bí ìkìlọ̀ ìjákulẹ̀ apá bá dún, kí ó fún ẹ́ńjìnnì ní gbogbo agbára, kí ó sì sapá kí ọkọ̀ má baà sọ̀kalẹ̀ púpọ̀. Ìlànà yìí ń gbin ìbẹ̀rù ìsọ̀kalẹ̀ sí awakọ̀ lọ́kàn. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 2009, ọkọ̀ Colgan Air kan já nítòsí Buffalo ní Amẹ́ríkà, ènìyàn 50 sì kú. Ọ̀pá ìdarí gbọ̀n lọ́wọ́ ọ̀gá awakọ̀ láti kì í nílọ̀. Ó fà á sókè. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti ọ̀pá náà síwájú. Ó tún fà á.

Láti ìgbà náà ni àṣà ti yí padà. Ní ọdún 2012, àjọ tí ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà jáde pé dídín igun apá kù ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú ohun gbogbo, bí ọkọ̀ tilẹ̀ máa pàdánù gíga. Ìlànà náà lọ báyìí:

(a) Pa ẹ̀rọ adáwakọ̀, kí ọkọ̀ wà lọ́wọ́ ènìyàn.
(b) Tẹ imú ọkọ̀ sílẹ̀ títí ìkìlọ̀ yóò fi dákẹ́.
(d) Mú apá méjèèjì dọ́gba.
(e) Fún ẹ́ńjìnnì ní agbára tí ó yẹ.
(ẹ) Nígbà tí apá bá ti tún gbé ọkọ̀, rọra padà sí ojú ọ̀nà rẹ.

Inú símúlétọ̀, yàrá ẹ̀rọ tí ó ń ṣe bí ọkọ̀ gidi lórí ilẹ̀, ni àwọn awakọ̀ ọkọ̀ ńlá ti ń fi èyí kọ́ra. Wọ́n ń jẹ́ kí ìjákulẹ̀ apá dé bá wọn lójijì, nítorí pé ohun tí ọwọ́ kò bá tíì mọ̀ ṣáájú, ìbẹ̀rù kì yóò jẹ́ kí orí rántí rẹ̀. Boeing 737 MAX pàápàá kò padà sójú òfurufú ní ìparí ọdún 2020 títí wọ́n fi mú kí MCAS máa fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ atọ́ka méjì wé ara wọn, tí wọ́n sì pa á láṣẹ pé kí awakọ̀ kọ́ ọ nínú símúlétọ̀.

Fún ọmọ tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ọkọ̀ òfurufú ti ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Sáríà láti ọdún 1964. Ìṣirò àti físíìsì ni ilẹ̀kùn rẹ̀. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

5. Ẹ̀KỌ́ FÚN ILÉ ÀTI ILÉ-Ẹ̀KỌ́

A ti rí i pé igbákejì awakọ̀ ọjọ́ náà ní Ìkẹjà béèrè, kò pàṣẹ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ aláwọ̀ dúdú nìkan. Ní Tenerife ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1977, òṣìṣẹ́ kan nínú ọkọ̀ KLM béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ bóyá ọkọ̀ kejì ti kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀gá ní ó ti kúrò. Kò tíì kúrò. Ènìyàn 583 ni ó kú. Láti ìgbà náà ni ayé òfurufú ti ń kọ́ ọ̀gá bí a ti ń gbọ́, tí wọ́n sì ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀.

Àwa Yorùbá mọyì ọ̀wọ̀ fún àgbà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa náà ni wọ́n wí pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bíbélì tí a fi dá ilé-ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ sọ ìtàn Náámánì, tí inú bí tí ó fẹ́ padà sílé pẹ̀lú ẹ̀tẹ̀ rẹ̀. Àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ pè é ní baba, wọ́n sì sọ òtítọ́ fún un. Ọ̀wọ̀ kò pa òtítọ́ lẹ́nu, òtítọ́ kò sì ba ọ̀wọ̀ jẹ́. Náámánì gbọ́, ó sọ̀kalẹ̀ sínú odò, ó sì yè.

Nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 27, Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ pé ìrìn-àjò náà yóò mú òfò wá. Balógun ọ̀rún gba ọ̀gá ọkọ̀ gbọ́ jù ú lọ, wọ́n sì ṣíkọ̀. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù tún kìlọ̀ láàárín ìjì, wọ́n gbọ́. Gbogbo ènìyàn 276 gúnlẹ̀ láàyè, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti fọ́. Ẹni tí ó bá gba ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ kò ní pàdánù ọkọ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọ tí ó bá rí ewu nínú mọ́tò, nínú ilé tàbí nínú ọ̀rọ̀ owó lè sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ láìfi ìbéèrè bò ó: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró; táyà yìí ti fẹ̀.” Bí ó bá sì sọ ọ́, ẹ dúró ná, kí ẹ tó wo ẹni tí ó sọ ọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó rí àṣìṣe lójú pátákó lè nawọ́ sókè. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí ẹ ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́, ẹ ti wà nípò ẹni tí a ń kìlọ̀ fún báyìí. Ẹ fi gbígbọ́ kọ́ra nínú ohun kékeré, kí ó lè mọ́ yín lára kí ohun ńlá tó dé.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀṢÀRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín kí ẹ́ńjìnnì kú àti kí apá já ọkọ̀ kulẹ̀? Fi páálí àti fáànù ṣàlàyé rẹ̀ fún àbúrò rẹ.
2. Kí ni ìdí rẹ̀ tí gíga fi dà bí owó fún awakọ̀?
3. Nínú ìkìlọ̀ mẹ́ta ọjọ́ kẹta oṣù Kẹwàá ọdún 2013, èwo ni ó rọrùn jù láti gbọ́, kí sì ni ó mú kí gbígbọ́ rẹ̀ ṣòro?
4. Sọ àpẹẹrẹ kan nínú ilé tàbí níbi iṣẹ́ rẹ tí ọmọdé fi rí ohun tí àgbà kò rí.

Kí Ọlọ́run tu àwọn ẹbí tí ọ̀fọ̀ ọdún náà kàn nínú. Kí ó máa ṣọ́ gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí lójú ilẹ̀, lójú omi àti lójú òfurufú. Àmín.